Ìran Tí Kò Sí Nínú Fíìmù: Bí Irọ́ Mi Ṣe Mú Ọ̀gá Mi Lọ Sinimá

Ẹ má wo bí mo ṣe kéré. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, ṣùgbọ́n irọ́ tí mo pa lọ́dún yìí ti tó ọkùnrin tó lè gbé ìyàwó. Mo ní kí n fúnra mi jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ káàkiri ń fi iyọ̀ tí kò sí níbẹ̀ sí i.

Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tó ku ọdún méjì kí n parí. Ilé ìwé kò sunkún, èmi náà kò sunkún. Mo lọ kọ́ṣẹ́ irun gígẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àga méjì, dígí gígùn kan, àti ìjókòó onípákó kan tó jẹ́ pé àwọn tí kò fẹ́ gẹrun ló ń jókòó lé e jù. Alápàárá ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Ẹ ò ní béèrè ìdí rẹ̀ tí ẹ bá gbọ́ ìyókù.

Fíìmù ló fà á.

Ó tó oṣù kan tí pósítà fíìmù náà ti wà lára ògiri ilé sinimá. Kìnnìún wà níbẹ̀ tó ya ẹnu. Bàálù wà níbẹ̀ tó ń jóná. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí omijé ń dà lójú rẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Mo sọ fún ara mi pé bí n kò bá wo èyí, mo ti fi ojú mi méjèèjì ṣòfò.

Mo wò ó. Háà!

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí kìnnìún. Kò sí kìnnìún. Ajá kan ló gbó lẹ́yìn ilé, wọ́n sì ya ojú òṣèré bó ṣe ń gbọ̀n. Bàálù ńkọ́? Ariwo rẹ̀ la gbọ́. Àwọn òṣèré mẹ́ta gbójú sókè, wọ́n ní, "Yéè, ó ti gbiná!" Àwa tó jókòó sísàlẹ̀ ń wo ihò imú wọn.

Irùngbọ̀n olórí òṣèré kò ní ilé kan pàtó. Bó bá jókòó sídìí oúnjẹ, irùngbọ̀n wà lápá òsì. Bó bá dìde, kò sí mọ́. Bó bá jáde síta, ó ti padà dé, ó tún ti kún sí i. Wọ́n yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tiro. Òkú kan wà níbẹ̀ tó gbé itọ́ mì. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, ẹ̀ẹ̀mejì.

Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì, orin á bẹ̀rẹ̀, á bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Tí wọn ò bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́, a ó máa gbọ́ bí ẹni tó ń ya àwòrán ṣe ń wúkọ́. Mo tilẹ̀ sùn díẹ̀ láàárín, n kò sì rò pé mo pàdánù ohunkóhun. Lẹ́yìn wákàtí méjì, nígbà tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ẹni tó bí ọmọ rẹ̀, ojú sinimá ṣú, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà: "Apá kejì ń bọ̀."

Ta ló rán wọn níṣẹ́?

Mo jáde bí ẹni tí olè jà. Nǹkan bí ogún ènìyàn ló ti tò síta, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tó kàn. Obìnrin kan tó pọn ọmọ dì mí lápá aṣọ mú.

"Àbúrò mi, báwo ló ṣe rí? Ṣé ó dáa?"

Òtítọ́ ti dé ètè mi. Mo wo ojú wọn. Inú gbogbo wọn ń dùn gẹ́gẹ́ bí inú tèmi ṣe dùn ní wákàtí méjì sẹ́yìn. Mo wá bi ara mi pé, ṣé èmi nìkan ni kí n jẹ́ òmùgọ̀ ìlú yìí?

"Ẹ ò tíì rí nǹkan," ni mo wí, mo sì di àyà mú. "Ẹ wọlé. Ẹ mú aṣọ ìnujú dání."

Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń ti ara wọn wọlé! N kò ní purọ́ fún yín, mo gbádùn ìyẹn ju fíìmù lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí kílípà wà lórí rẹ̀ kò lè mi orí, kò sì lè dìde lọ. Ohun tí agẹrun bá sọ ló máa gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìran sílẹ̀, mo ń wọ̀n ọ́n fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan bí ẹni wọn aṣọ. Káfíńtà fẹ́ràn ìjà, mo ní kìnnìún gba ojú fèrèsé fò wọlé, ó sì fi eyín fa ilẹ̀kùn ya. Tíṣà ní tirẹ̀, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wá fá irùngbọ̀n lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló fẹ́ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gbà. Tíṣà ni mo dá èyí tó dára jù sílẹ̀ fún.

"Ẹ̀yin Tíṣà," mo ní, "ìyàwó ọkùnrin yẹn ti bínú lọ. Ó wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí obìnrin náà wà, nínú òjò. Ó bọ́ bàtà. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kò wí àwíjàre kankan. Ó ní, 'Mi ò wá sọ pé mo jàre. Mo wá sọ pé ilé ti tóbi jù fún mi.'"

"Ilé ti tóbi jù," Tíṣà tún un sọ jẹ́jẹ́. "Hẹn-ẹn. Ọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Ìyàwó rẹ̀ wá jáde, ó gbé e dìde."

Lórí àga kejì, ọ̀gá mi gbé kílípà kúrò lórí oníbàárà tirẹ̀, ó dúró, ó ń wo dígí. N kò fiyè sí i.

Mo retí pé Tíṣà á padà wá fi ọ̀pá lé mi. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó dé, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Mo lọ wò ó," ó ní.

Mo ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo ti múra àtisá.

"Ìran òjò yẹn," Tíṣà ní, "omi bọ́ lójú mi. Èmi! Àgbàlagbà!"

"Ẹ rí i?" Ẹnu ya èmi tí mo dá a sílẹ̀.

"Àbí ojú mi fọ́ ni?"

Káfíńtà tó jókòó lórí pákó kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. "Kìnnìún yẹn ńkọ́? Díẹ̀ ló kù kó bẹ́ lé mi lórí níbi tí mo jókòó sí!"

Mo sá lọ sẹ́yìn ilé, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń ro mí. Ó wá yé mi. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń sùn nígbà tí kìnnìún ń kọjá. Dípò kí wọ́n gbà pé wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ, wọ́n bá mi pa irọ́ náà, wọ́n tún bá mi fi ata sí i.

Ibi tó yẹ kí n ti dúró nìyẹn. Ẹni tó bá ń ka èyí tó ní irú ẹnu tèmi, kó sàmì sí ibẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ fún yín pé ìyàwó ọ̀gá mi, tí mo ń pè ní Àǹtí, kò sí nílé lákòókò yẹn. Ó tó oṣù mẹ́ta tó ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ: wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó pe ọ̀gá mi lórí fóònù pé kó máa sáré bọ̀. Ọ̀gá ní orí mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ òun. Ó gẹ orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó tó dé ibẹ̀, obìnrin náà nìkan ti tọwọ́ bọ̀wé, òun nìkan ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún wákàtí mẹ́ta. Ìyá náà yè é. Ṣùgbọ́n Àǹtí kó ẹrù rẹ̀.

Ọ̀gá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì. Bó bá fi kílípà ha ènìyàn létí, "Irun á hù" ló máa ń sọ. Etí ni o!

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Tíṣà sọ pé òun sunkún, mò ń gbá irun nílẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ti ilẹ̀kùn.

"Alápàárá."

"Ọ̀gá."

"Ìran òjò yẹn. Ṣé… ṣé ìyàwó yẹn gbé e dìde lóòótọ́?"

Ẹ wò ó, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún mi gbayawu. "Ọ̀gá, eré ni mò ń ṣe." Gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni pé èmi ni mo mọ ohun tí òun kò mọ̀. Ó wù mí kó tún wò mí bẹ́ẹ̀ sí i.

"Ó gbé e dìde, ọ̀gá," mo ní. "Ó tún fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀. Kò sí obìnrin tó wo ibẹ̀ tí kò dárí ji ọkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ dárí ji ọkọ tí wọn ò tíì ní."

Ọ̀gá mi jókòó sórí àga oníbàárà. Ó fúnra rẹ̀ so aṣọ mọ́ ọrùn.

"Gẹ̀ mí," ó ní. "Mo fẹ́ mú un lọ wò ó."

Ọdún méjì ni mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí òun rí. Mo rọra gẹ̀ ẹ́ tán, n kò ha á létí.

Èmi náà ló rán lọ pe Àǹtí. Mo bá a níbi tó ti ń lọ aṣọ lójúde ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń ṣe. Kò gbójú sókè.

"Ọ̀gá ló rán mi wá, Àǹtí. Wọ́n fẹ́ kí ẹ jọ lọ wo fíìmù."

"Ọ̀gá rẹ? Ẹni tó máa ń sùn nígbà tí wọ́n bá ń ka ìròyìn?" Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Kí ló wà nínú fíìmù ọ̀hún?"

"Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ gbọ́."

"Òun ò ní ẹnu?"

"Àǹtí, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wọ́n."

Díẹ̀ ló kù kó rẹ́rìn-ín, mo rí i. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Sọ fún un pé màá wá. Ṣùgbọ́n tí fíìmù yẹn bá parí, tí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan tó kàn mí níbẹ̀, kó má rán ẹnikẹ́ni sí mi mọ́. Láéláé. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́.

Lójú ọ̀nà, mo pinnu pé màá jẹ́wọ́. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá ọ̀gá tó ń kọrin. Ọ̀gá mi! Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn. Ẹ sọ fún mi, ta ló lè dá irú orin bẹ́ẹ̀ dúró? Nígbà tí ọjọ́ pé, mo ní inú ń run mí. Ó ní kí n gbé inú rírun náà dání wá, pé ẹ̀yìn àwọn gan-an ni kí n jókòó sí, kí n lè ta òun lólobó nígbà tí ìran òjò bá kù díẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Ọ̀gá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Àǹtí gbé àpò rẹ̀ lé itan, bí ẹni tí kò ní pẹ́ lọ.

"Kìnnìún dà?" ó béèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. "Ó wà lára pósítà."

Ajá gbó.

"Òun nìyẹn," ọkùnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn.

Òkú dé. Ó gbé itọ́ mì.

"Òkú yẹn ń gbé itọ́ mì," Àǹtí ní.

"Bóyá kò tíì kú tán," ọ̀gá mi ní. Ó yíjú sí mi nínú òkùnkùn. "Ṣé ó ti kù díẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀, ọ̀gá."

Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án tó bi mí. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo dá a lóhùn.

Lójijì, òjò bẹ̀rẹ̀ lójú sinimá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ibi tí mo ti sùn lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí, n kò mọ̀ rárá pé òjò wà nínú fíìmù náà. Òjò ọ̀hún kò rọ̀ síbòmíràn àfi orí olórí òṣèré. Títì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbẹ táútáú, a sì ń rí òjìji ẹni tó di rọ́bà omi mú.

Ọ̀gá mi rí òjò, ó rí ọkọ, ó rí ìyàwó. Kò bi mí ní nǹkan mọ́. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Àǹtí mú. Àǹtí jẹ́ kó dì í mú.

Mo bẹ òṣèré oníirùngbọ̀n yẹn nínú ọkàn mi: jọ̀ọ́, kúnlẹ̀. Tí o kò bá lè kúnlẹ̀, kí ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́, kí o ṣubú, màá bá ọ wá ìyókù.

Kò ṣubú. Ó gbé àpótí ìyàwó rẹ̀, ó là á mọ́ inú ẹrẹ̀, ó na ìka síta.

"Jáde nílé mi! Aya kì í tán lọ́jà!"

Àwọn ọkùnrin kan pàtẹ́wọ́. Orin bẹ̀rẹ̀. Omi wọ irùngbọ̀n, irùngbọ̀n já bọ́ sílẹ̀, gbogbo ilé sinimá bú sẹ́rìn-ín àfi ènìyàn mẹ́ta.

Àǹtí wo ojú sinimá. Ó wo ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

Kò dìde o. Ó jókòó títí wọ́n fi kọ ọ́ pé apá kejì ń bọ̀. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Ó ti ní òun á dúró kó parí, ó sì dúró.

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósítà, ó dojú kọ ọ̀gá mi.

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá gbọ́ nìyẹn? Pé aya kì í tán lọ́jà?"

"Kì í ṣe òun!" Ọ̀gá yíjú sí mi. "Àbí wọ́n ti gé ibẹ̀ kúrò ni? Alápàárá, ìran yẹn dà? Tíṣà rí i! Ó sunkún!"

Àwọn tó tò síta ti yíjú sí wa. Mo wo bàtà mi.

"Tíṣà purọ́, ọ̀gá. Káfíńtà náà purọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ pa á. Kò sí ìran bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Kò bínú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbá sàn. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má lù ú," Àǹtí ní. "Ìwọ, sọ ọ́. Kí lo ní ọkùnrin yẹn ṣe?"

Mo sọ ọ́: òjò, bàtà, ẹrẹ̀, ilé tó tóbi jù. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ náà dùn bí oyin. Níbẹ̀, lójú ọ̀sán gangan, ó ń jáde lẹ́nu mi bí ẹni ń pọ òkúta.

Àǹtí gbọ́ ọ tán. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Nítorí èyí ni ẹ ṣe jókòó ti ìdọ̀tí yẹn fún wákàtí méjì? Kí ẹlòmíì lè bá yín sọ ọ́?"

Ọ̀gá mi ń tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ ṣe.

"Ó dáa. Mo ti gbọ́ ti ọmọ yìí. Ẹ sọ tiyín."

Mo ti rí òṣèré tí kò mọ eré ṣe lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi fi ẹ̀yìn gbogbo wọn balẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó gbójú sókè bí àwọn tó ń wá bàálù. Ó ní, "Tóò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Irun á…"

"Ẹ tún un sọ," Àǹtí gé e lẹ́nu.

"Mo… mo bẹ̀ ọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀.

"Ẹ tún un sọ."

"Bọ̀dá, ẹ kúnlẹ̀!" ọkùnrin kan pariwo láàárín àwọn tó tò síta.

"Pa ẹnu rẹ dé," ìyá kan dá a lóhùn. "Jẹ́ kó ronú."

Ọ̀gá mi fi ọwọ́ nu ojú. "Orí mẹ́rin yẹn," ó ní. "Wọn ò kánjú. Ẹnì kan nínú wọn tilẹ̀ ní kí n máa lọ, èmi ni mo ní kó jókòó. Ẹ̀rù ilé ìwòsàn ló ń bà mí. Mo rò pé tí mo bá pẹ́ díẹ̀, màá bá a tó ti parí, ì báà dáa, ì báà burú. Mo wá fi ìwọ nìkan sílẹ̀ níbẹ̀. Kò dáa. Má bínú."

Kò kúnlẹ̀. Kò bọ́ bàtà. Ohùn rẹ̀ há. Ká ní fíìmù ni, èmi ni màá kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn ń fi etí aṣọ nu ojú, èmi náà kò sì rí ẹnu fi rẹ́rìn-ín.

Àǹtí wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Màá wá sílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní. "Màá wá wò ó ná. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò gbọdọ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́."

"Ó ti lọ," ọ̀gá mi ní. Kò tilẹ̀ mí kó tó dáhùn.

"Àǹtí!" mo pariwo. "Ṣebí irọ́ mi ló jẹ́ kí ẹ gbọ́ òtítọ́?"

"Irọ́ tìrẹ ló jẹ́ kí n wo òkú tó ń gbé itọ́ mì. Òtítọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Má bá a pín in."

Ọ̀gá na ọwọ́. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e. Àǹtí ṣáájú, òun tẹ̀ lé e, ó bá a gbé àpò dání, kò sì wẹ̀yìn.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Àǹtí ti padà sílé. Tíṣà, kó lè bo ìtìjú ara rẹ̀, ń sọ káàkiri pé òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí ìran kankan, pé òun kàn ń dán mi wò ni. Ẹ wo ẹnu àgbà! Àwọn tó ṣe fíìmù yẹn ńkọ́? Wọ́n ti lẹ pósítà apá kejì. Kìnnìún ibẹ̀ ti di méjì.

Agẹrun mẹ́ta ni mo ti lọ bẹ̀ pé kí wọ́n gbà mí. Ẹni àkọ́kọ́ lé mi. Ìkejì ní kí n sọ ìtàn náà fún òun ná, ó gbọ́ ọ tán, ó lé mi. Ìkẹta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mo sì rò pé mo ti ríṣẹ́. Ó wá mú abẹ kan lórí tábìlì, ó fi hàn mí.

"Ọmọ mi," ó ní, "ẹni tó bá jókòó sórí àga yìí, ojú ló máa dì, á na ọrùn sílẹ̀ fún ẹni tó mú èyí dání. Báwo ni màá ṣe sọ fún un pé ìwọ ni?"

Mo wá ọ̀rọ̀ àwàdà kan tí màá fi dá a lóhùn. N kò rí.